Ìtọ̀ Òru àti Ìṣubú Àwọn Àgbà: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ilé Mùsùlùmí Mọ̀



Bí àgbàlagbà bá ṣubú nínú ilé, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ilẹ̀ ló yọ̀, tàbí pé ogbó ti dé. Ẹlòmíràn á ní ayé ló tì wọ́n. A ó ra ìpara gbígbóná, a ó fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ ibẹ̀, a ó sì dúpẹ́ pé eegun kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè: níbo ni Bàbá ń lọ nígbà tí wọ́n ṣubú? Aago mélòó ni Màmá dìde? Bí ẹ bá fi sùúrù wádìí, ẹ ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn kan náà ni: "Mo fẹ́ lọ tọ̀ ni."

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìtẹ̀jáde yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìṣubú àwọn àgbà, ọ̀dọ̀ àpò ìtọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀. Ìyọnu ìtọ̀ yìí sì ní ìtọ́jú. Ohun méjì ni kì í jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀: ìtìjú, àti èrò pé bí ogbó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé àwọn tí wọ́n ti lé ní ẹni 60 ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ kan náà sọ pé nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n ti pé ẹni 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn bí 28 sí 35 ló ń ṣubú lọ́dọọdún.

Ẹni tí ó ṣubú tí eegun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, ìdùbúlẹ̀ ló kàn. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ló ń mú egbò ẹ̀yìn wá, òun ló ń jẹ́ kí àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹni tí eegun rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀rù lè mú un. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìrìn, kò ní fẹ́ lọ sí mọ́sálásí mọ́, kò ní fẹ́ lọ sí ibi ìkómọ tàbí ìgbéyàwó. Bí kò bá sì rìn mọ́, ẹsẹ̀ á túbọ̀ máa rọ, ìṣubú kejì á sì tún yá sí i.

Báwo ni ìtọ̀ ṣe ń gbé àgbàlagbà ṣubú?

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé Bàbá kan láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀ ní aago méjì òru.

Lákọ̀ọ́kọ́, oorun ṣì wà lójú wọn, ìtọ̀ sì ti ń lé wọn. Wọ́n dìde lójijì. Nígbà tí ènìyàn bá dìde láti ìdùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sáré wá sí ìsàlẹ̀ ara. Ara ọ̀dọ́ á tètè fún iṣan pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè tún padà sí orí, ṣùgbọ́n ara àgbàlagbà kì í yára bẹ́ẹ̀. Òòyì á kọ́ wọn. Bí nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n dìde, tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá fi 10 wálẹ̀, àwọn dókítà ti kà á sí àìsàn tí ó yẹ ní títọ́jú.

Lẹ́ẹ̀kejì, iná kò sí, ọ̀nà ṣókùnkùn. Wáyà jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, etí rọ́ọ̀gì ti ká sókè, bàtà àwọn ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn Bàbá kò sì sí lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ ìtọ̀ ló wà, kí ó má baà já sí aṣọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dé ilé ìtọ̀, omi wà lórí táìlì. Bí ó bá jẹ́ ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé ni, àtẹ̀gùn àti òkúta tún wà lójú ọ̀nà. Wọ́n dúró, wọ́n ń fún ara wọn kí ìtọ̀ lè jáde. Fífún yìí náà, àti bí àpò ìtọ̀ ṣe tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan máa ń dákú lórí ìdúró níbi tí wọ́n ti ń tọ̀ lóru.

Ibi mẹ́ta ni ìṣubú ti lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń dìde lẹ́ẹ̀kan lóru ń gba ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ń dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ń gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú oorun tí kò tó lójú. Ìdí nìyẹn tí iye ìgbà tí wọ́n ń dìde fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀ẹ̀kan lóru kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì fún àgbàlagbà. Bí ó bá ti di ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo òru, ó yẹ kí a wádìí.

Kí ló ń jí wọn?

Bí a ṣe ń dàgbà, àpò ìtọ̀ kì í gba omi púpọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ara kì í sì í lè dá ìtọ̀ dúró lóru bíi ti ọ̀dọ́. Ìyẹn nìkan kọ́, ṣá o. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí a lè tọ́jú.

Fún àwọn ọkùnrin, kókó kan wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ tí wọ́n ń pè ní prostate. Ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka. Tí ọkùnrin bá ti ń sún mọ́ ẹni 60 ọdún, nǹkan bí ìdajì wọn ni kókó yìí ti ń tóbi sí lára. Bí ó bá tóbi, á fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀. Ìtọ̀ kò ní tètè jáde, á máa já wẹ́wẹ́, kò ní tán pátápátá, láìpẹ́ yóò tún lé wọn. Ọ̀pọ̀ irú ìtóbi yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ló lè yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì sọ.

Fún àwọn obìnrin, ọmọ bíbí àti dídá nǹkan oṣù dúró lè mú kí ẹran ara tí ó gbé àpò ìtọ̀ ró rọ̀. Ìtọ̀ á máa já bí wọ́n bá wúkọ́, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, tàbí bí wọ́n bá ń dìde láti ìforíkanlẹ̀. Àwọn mìíràn, bí ìtọ̀ bá ti lé wọn, kò sí àyè láti dúró rárá.

Fún tọkùnrin tobìnrin, àtọ̀gbẹ lè wà níbẹ̀ tí a kò tíì mọ̀. Kòkòrò lè wọ inú ìtọ̀. Ìgbẹ́ gbígbẹ tí ó kún inú lè máa ti àpò ìtọ̀. Omi tí ó kó sí ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, pàápàá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, á padà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, kíndìnrín á sì sọ ọ́ di ìtọ̀. Ẹni tí ó ń han-run gan-an, tí mímí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, lè máa tọ̀ púpọ̀ lóru nítorí ìyẹn náà. Iyọ̀ àti Maggi tí ó pọ̀ nínú ọbẹ̀ alẹ́, tíì, kọfí àti obì náà ní ipa tí wọ́n ń kó.

Ẹ yẹ àpò oògùn wọn wò

Ibí yìí ni iṣẹ́ àwa apòògùn ti wọ ọ̀rọ̀ náà jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Arábìnrin kan wá sí kẹ́míìsì wa lọ́jọ́ kan.

"Dókítà, ẹ bá mi fún Màmá mi ní oògùn oorun. Wọn kì í sùn mọ́."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ń jí wọn?"

"Ìtọ̀ ni. Ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóru. Ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá, wọ́n fi ara gbá ilẹ̀kùn, ojú wọn wú."

"Oògùn wo ni wọ́n ń lò?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àti ti ẹsẹ̀ wíwú. Ti ẹsẹ̀ wíwú yẹn, wọ́n ti gbé e sí alẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá lò ó láàárọ̀, ìtọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn jókòó ní àsàlátù."

Oògùn náà ni furosemide, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Lasix. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé omi jáde nínú ara, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tí ó lò ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti fi òru rẹ̀ fún ìtọ̀. Bí mo bá ta oògùn oorun kún un, ìtọ̀ ṣì máa lé wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn á wúwo, ojú wọn á ṣú, ìṣubú tó kàn lè má dúró sí ojú wíwú nìkan. Mo ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà wọn. Dókítà dá oògùn náà padà sí àárọ̀, ó sì ní kí wọ́n máa lò ó lẹ́yìn àsàlátù ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ. Nígbà tí arábìnrin náà tún wá, ó ní Màmá ń dìde lẹ́ẹ̀kan péré lóru, kò sì béèrè oògùn oorun mọ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú kan náà wo àwọn oògùn yìí:

Àwọn oògùn tí ń lé omi jáde, bíi furosemide àti hydrochlorothiazide. Ẹ béèrè àkókò tí ó yẹ kí wọ́n máa lò wọ́n. Àárọ̀ ló sábà máa ń dára jù.

Amlodipine àti nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú kí ẹsẹ̀ wú lára àwọn kan, omi ẹsẹ̀ náà á sì di ìtọ̀ òru.

Oògùn prostate bíi tamsulosin, terazosin àti doxazosin. Wọ́n ń tú ọ̀nà ìtọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú kí òòyì kọ́ ènìyàn nígbà tí ó bá dìde, pàápàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tàbí tí wọ́n bá fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Dókítà tí ó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá Bàbá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Oògùn oorun àti ti ìfọ̀kànbalẹ̀, bíi diazepam àti bromazepam. Nínú ara àgbàlagbà, wọn kì í tètè tán. Ẹni tí ó lò ó lálẹ́ lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ títí di àárọ̀.

Oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ara yíyún, bíi chlorpheniramine, tí a mọ̀ sí Piriton. Ó ń mú oorun wá, ó sì lè dí ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ti tóbi. Amitriptyline, tí wọ́n máa ń fúnni fún ìrora, lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ewu mìíràn ni oògùn kan náà tí ó ní orúkọ méjì. Dókítà kan kọ Lasix, ilé ìwòsàn mìíràn fún wọn ní furosemide, Màmá ń lo méjèèjì láìmọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo oògùn wọn sínú àpò kan, tòyìnbó àti àgbo, ẹ gbé e lọ fún dókítà tàbí apòògùn kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a pa tì lè fa rọpárọsẹ̀. Ẹ béèrè, kí wọ́n bá yín tún un ṣe.

Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ẹ̀gbin

Àgbàlagbà tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní ẹrù kan tí ẹlòmíràn lè má ní. Ìtọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara nìkan lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrun ni. Gbogbo wa ni a mọ hàdíìsì àwọn tí ó wà nínú sàréè méjì, èyí tí Bukhari àti Muslim gbà wá, tí ó kìlọ̀ fún ẹni tí kò ṣọ́ra fún ìtọ̀ rẹ̀. Nítorí èyí, bí ìtọ̀ bá ti ń kán, wọ́n á sáré. Wọ́n á pààrọ̀ aṣọ nínú òkùnkùn. Wọ́n á ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ilẹ̀ tí omi ti kún. Àwọn kan á dẹ́kun omi mímu láti ọ̀sán. Àwọn mìíràn á kúkú jókòó sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ kankan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀sìn wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Abu Dawud àti Nasa'i gba hàdíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Umaymah ọmọbìnrin Ruqayqah, pé Ànábì wa (S.A.W.) ní ohun èlò onígi kan tí ó máa ń wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, inú rẹ̀ ni ó sì máa ń tọ̀ sí lóru. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ̀ ń tijú póò! Ohun tí ẹni tí ó lọ́lá jù lọ ṣe kò lè jẹ́ àbùkù fún wa. Póò tí ó ní ìdérí, tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ó jìnnà sí ẹní ìkírun, tí a sì ń dà nù tí a ń fọ̀ ní àárọ̀, mọ́ ju aṣọ tí ìtọ̀ já sí lójú ọ̀nà lọ. Ó tún gbà wá lọ́wọ́ ìrìn òru.

Ìjókòó láti tọ̀ náà, ìṣe Ànábì ni a mọ̀ ọ́n sí láti ẹnu Ìyá wa Aisha. Fún àgbàlagbà ọkùnrin, ìjókòó yìí jẹ́ ààbò lọ́wọ́ òòyì àti ìdákú.

Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í dá, tí ó ń kán ṣáá, ní ìdẹ̀rùn nínú ìlànà ẹ̀sìn. Nígbà tí Fatimah ọmọbìnrin Abu Hubaysh ní ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, wọn kò ní kí ó fi ìrun sílẹ̀. Orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú ìdájọ́ ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán wá: kí ó fọ ara rẹ̀ mọ́, kí ó lo páàdì tàbí aṣọ, kí ó ṣe àlùwàlá nígbà tí àsìkò ìrun bá wọlé, kí ó sì kírun rẹ̀ láìka èyí tí ó bá kán lẹ́yìn náà sí. Àwọn màdìhábì ní àlàyé díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ bi àáfà yín nípa ti ara yín. Ẹni tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ó rántí Imran ọmọ Husayn, tí ó ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí Ànábì sì yọ̀ǹda fún láti kírun ní ìjókòó bí ìdúró kò bá ṣeé ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó sọ fún wọn wàyí. Ẹ má bi wọ́n lójú àwùjọ. Ẹ dúró dìgbà tí ó bá ku ẹ̀yin àti àwọn. Kí ọmọkùnrin bi Bàbá, kí ọmọbìnrin bi Màmá, bí ó bá ṣeé ṣe. "Màmá, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ̀ ń dìde lóru? Ṣé ẹ ti fẹ́ ṣubú rí?" Ìbéèrè méjì yìí tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé lálẹ́ òní

1. Kí wọ́n má sáré dìde. Kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa mi ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n ṣe Subhaanallah 33 kí wọ́n tó dìde dúró. Tí wọ́n bá dìde, kí wọ́n di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Ààbò ni fún ara, ó sì jẹ́ ìrántí Ọlọ́hun.

2. Kí iná wà. Tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ìrọ̀rí, tàbí iná sólà kékeré lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé NEPA. Kí gíláàsì ojú wọn àti fóònù wà ní ibi tí ọwọ́ ti lè tó o.

3. Ẹ kó gbogbo nǹkan tí ó wà lójú ọ̀nà kúrò: wáyà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, bàtà, rọ́ọ̀gì tí etí rẹ̀ ti ká. Ìró tàbí jálàbíà tí ó ń wọ́lẹ̀ kò dára fún òru. Sílípáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ẹ jù ú nù.

4. Ẹ fi irin ìdìmú sí ara ògiri ilé ìtọ̀. Wẹ́dà yóò ṣe é ní wákàtí díẹ̀. Ẹ nu omi orí táìlì kí gbogbo ilé tó sùn.

5. Kí wọ́n jókòó lórí àga láti ṣe àlùwàlá. Gbígbé ẹsẹ̀ kan sínú básíà nígbà tí a dúró lórí èkejì, orí ilẹ̀ tí ó tutù, ti gbé ọ̀pọ̀ àgbà ṣubú. Kí wọ́n jókòó, kí ẹnì kan fi búùtà bá wọn da omi sí ẹsẹ̀, kí wọ́n nu ẹsẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó rìn.

6. Kí wọ́n má fi òùngbẹ jẹ ara wọn níyà. Omi tí kò tó ń mú òòyì wá, ó ń mú ìgbẹ́ gbẹ, ìtọ̀ tí ó pọ́n sì ń ta àpò ìtọ̀. Kí wọ́n mu púpọ̀ nínú omi wọn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí wọ́n dín in kù ní nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó sùn. Ẹni tí dókítà ti ṣòfin omi fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kí ó tẹ̀ lé ti dókítà.

7. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń wú, kí wọ́n gbé e sókè lórí ìrọ̀rí fún bíi wákàtí kan ní ọ̀sán tàbí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Omi náà á ti di ìtọ̀ kí oorun tó dé.

8. Fún ìtọ̀ tí ó ń já, kí wọ́n máa fún ẹran ara tí a fi ń dá ìtọ̀ dúró pọ̀. Kí wọ́n ka ení dé àárùn-ún, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Kí wọ́n ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Wọ́n lè so ó mọ́ ẹ̀yìn ìrun kí wọ́n má baà gbàgbé. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí èrè rẹ̀ tó hàn.

9. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta: àkókò tí wọ́n tọ̀, àti bí ó ṣe pọ̀ tó nínú ife oníwọ̀n. Bí ìtọ̀ òru bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìtọ̀ ọ̀sán àti òru lọ, ọ̀nà tí dókítà yóò gbà tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ kàn kéré. Ìwé yẹn á ràn án lọ́wọ́ gan-an.

Ní mọ́sálásí wa

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. A máa ń kówó jọ fún gbohùngbohùn àti rọ́ọ̀gì, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ibi àlùwàlá. Ṣé ewé omi kò tíì hù sórí símẹ́ńtì? Ṣé ìjókòó wà tí kò wálẹ̀ jù fún ẹni tí orúnkún ń dùn? Ṣé irin wà tí àgbà lè dì mú? Ṣé iná wà níbẹ̀ ní Àsùbáà? Ẹ fi ìjókòó sílẹ̀ fún àwọn àgbà ní ìpẹ̀kun sàfù, nítòsí ilẹ̀kùn, kí ẹni tí ìtọ̀ bá lé lè jáde láìfo orí ẹnikẹ́ni. Ànábì (S.A.W.) kò fẹ́ kí ènìyàn máa kírun nígbà tí ó ń há ìtọ̀ mọ́ra, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wo ẹni tí ó jáde láàárín wáàsí bí ẹni tí kò bọ̀wọ̀.

Nínú oṣù Ràmádáànì, kí a túbọ̀ ṣọ́ra. Gbogbo omi àti oògùn ọjọ́ náà ti di ti òru, láàárín ìṣínu àti sààrì. Kí àwọn àgbà rí dókítà tàbí apòògùn kí ààwẹ̀ tó wọlé, kí wọ́n lè bá wọn to àkókò oògùn wọn, tàbí kí wọ́n sọ fún wọn bí ara wọn kò bá lè gba ààwẹ̀. Ìdẹ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn fún aláìsàn.

Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró

Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà bí ìtọ̀ bá há pátápátá tí inú ń dùn wọ́n, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, bí ibà àti ìrora ẹ̀yìn bá tẹ̀ lé ìtọ̀ tí ń ta wọ́n, bí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì tí wọn kò sì lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, tàbí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ tí kò jọra lójijì. Nínú ara àgbàlagbà, irú ìdàrú yẹn lè jẹ́ àmì àrùn, kì í ṣe àmì ogbó.

Bí wọ́n bá ṣubú, ẹ má ṣe fà wọ́n dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí ó ń dùn wọ́n. Bí wọn kò bá lè gbé ẹsẹ̀ kan, tàbí tí ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì tí ó sì yí síta, ó ṣeé ṣe kí eegun ìbàdí ti ṣẹ́. Ẹ má fi ìpara ra á, ẹ má fà á. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya fọ́tò eegun ló yẹ kí ẹ gbé wọn lọ. Bí orí wọn bá gbá nǹkan, tí wọ́n sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin tàbí clopidogrel, ẹ gbé wọn lọ bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ara àwọn le.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn òbí wa dìde fún wa lóru nígbà tí a kéré. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ ìtọ̀ wa, ojú kò tì wọ́n. Ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ náà wà báyìí. Ẹ bi wọ́n lálẹ́ òní ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ń dìde, ẹ sì gbé àpò oògùn wọn dání tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn àgbà wa ní àlàáfíà, kí Ó di ẹsẹ̀ wọn mú, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ìkúnà lórí wọn. Àmín.